Ọbẹ̀ Olú Tí Mo Dà Nù

Ẹni tó bá fẹ́ kí n má bínú mọ́, kó kọ́kọ́ lọ bá àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá mi ń san ààwẹ̀ tó kù lọ́rùn rẹ̀, kò tíì fẹnu kan omi láti ìdájí. Àbúrò bàbá mi wá gbé olú dé láti oko lọ́nà Àgọ́-Àmọ̀dù, ó ní olú ọ̀gán ni. Kí n tó ti ibi ìranù tí mo lọ dé, ìyá mi ti sè é.

Ọ̀kan ṣì kù nínú agbọ̀n. Mo yí i padà. Abẹ́ rẹ̀ ti ń di àwọ̀ ewé, nǹkan bí òrùka sì wà lọ́rùn rẹ̀. Olú ọ̀gán gidi, gbòǹgbò rẹ̀ máa ń gùn wọ inú ilé ikán lọ ni. Eléyìí kò ní gbòǹgbò kankan, ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ bíi tèmi.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà kan tí mo sá níléèwé, mo sun ún jẹ lóko. Mo bì, mo yàgbẹ́, mo ń bẹ Ọlọ́run pé màá padà sí kíláàsì. Mi ò padà. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó wọ̀ mí lórí láyé mi nìyẹn.

"Bàbá kékeré, olú yìí ò dáa o."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ò rí i pé ìgbín ti jẹ létí rẹ̀? Tó bá ní májèlé, ṣé ìgbín á jẹ ẹ́? Olódo tó sá fún ìdánwò ló fẹ́ kọ́ mi ní olú!"

"Ṣé ẹ̀yin náà ní ìkarahun lẹ́yìn ni?"

Ó fọ́ mi létí.

Ládàánì pe ìrun. Ìyá mi jẹ dàbínù, ó mu omi, ó fa abọ́ ọbẹ̀ mọ́ra. Mo já a gbà, mo gbé ìkòkò náà, mo da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ilé.

Ìyá mi ò pariwo. Ó ní, "Ẹran inú rẹ̀ ńkọ́?" Ó lọ rẹ gàrí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àbúrò bàbá mi dúró síta, ó ń pe àwọn tó ń kọjá: "Ẹ wá wo ọmọ tó da ọbẹ̀ aláàwẹ̀ nù! Ta ló bì nínú ilé yìí? Inú ta ló ń run?"

"Ta ló jẹ ẹ́?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ọ̀nà ọ̀fun mi. "Ta ló jẹ ẹ́ tó máa bì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbé garawa omi kọjá, ara rẹ̀ le koko. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé lọ.