Ẹni Tó Mú Nọ́ọ̀sì Wá Ló Máa Kọ́kọ́ Na Apá

Nígbà tí Cecilia fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ọ́wọ̀, ó padà sílé ní Ìpèlé, ó ṣí kílíníìkì kékeré kan. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì dáa, orúnkún ni ò dáa mọ́. Tí ò bá rí nọ́ọ̀sì gidi kan tí yóò dúró tì í, á ti ilẹ̀kùn pa ni, àwọn aboyún á sì tún máa gun ọ̀kadà lọ bímọ l'Ọ́wọ̀ bí àpò gààrí.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́ níbí. Èèyàn kì í wá òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn ará ilé ló máa ń mú un wá bá a. Ambrose, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló kọ́kọ́ mú ọmọ àna rẹ̀ wá.

"Ọmọ jẹ́jẹ́ ni."

Jẹ́jẹ́ náà ni lóòótọ́. Aláìsàn á pè é títí ohùn á fi há, jẹ́jẹ́ ló ń tẹ fóònù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì fa akọrin wọn kan kalẹ̀. Ìyẹn rí ẹ̀jẹ̀, ó dákú. Aboyún tó wá gba ìtọ́jú ló ń fi ìborùn fẹ́ ẹ.

Cecilia ò sì lè tètè lé wọn. Tó o bá lé ọmọ tí ẹ̀gbọ́n ẹ mú wá, ẹ̀gbọ́n ẹ lo lé yẹn. Nígbà tó padà lé ọmọ jẹ́jẹ́ náà, Ambrose ò wá jẹ ìrẹsì Kérésì lọ́dún náà.

Kò pẹ́ tí Ambrose tún mú òmíràn dé.

"Eléyìí dáa. Mo fi orí mi dúró fún un."

"Ẹ fi orí yín sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Apá yín ni mo fẹ́. Ẹni tó bá mú nọ́ọ̀sì wá ni nọ́ọ̀sì máa kọ́kọ́ gún. Abẹ́rẹ́ ipá, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ni. Ẹ ò kúkú gbà á láti ọjọ́ yìí, ẹ sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rin oko."

"Èmi kẹ̀? O fẹ́ pa mí ni?"

"Ṣebí ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ dáa."

"Wọ́n *ní* ó dáa ni!"

Ló bá rántí iṣu tó fẹ́ lọ wò lóko, ó fa nọ́ọ̀sì rẹ̀ dání lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ìpèlé. Àwọn tó ń mú òṣìṣẹ́ wá bá Cecilia tẹ́lẹ̀ ò yọjú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àgádágodo ẹnu ọ̀nà.

Àfi bí Kúlísúmù elépo, ẹlẹ́nu bí àdá, ṣe já wọlé pẹ̀lú ọmọbìnrin kan.

"Dùnsìn nìyí, nọ́ọ̀sì ni. Ọmọ orogún mi ni. Èmi àti ìyá ẹ̀ kì í kí ara wa."

"Kí wá lẹ mú un wá ṣe?"

"Òun ló gbẹ̀bí fún ọmọ mi obìnrin ní ọsibítù Afo. Ó ní ariwo mi pọ̀, ó lé mi síta bí adìẹ! Mo ń ṣépè fún un lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Mo gbé èpè náà mì." Ó ti ká apá aṣọ sókè kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè.

Dùnsìn fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. "Màmá, ṣé abẹ́rẹ́ ti bá yín jà rí?"

"Èèyàn ló ń bá mi jà. Gún un jàre."

Ó dijú, ó ń retí.

"Mo ti gún un tán, mà."

Kúlísúmù wo apá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. "Àbí kò sí oògùn nínú ẹ̀ ni?"

Cecilia rẹ́rìn-ín títí. Ojú ẹnìkan yọ lójú fèrèsé: Ambrose, tó ní òun kàn ń kọjá.

"Ṣé ó dùn ẹ́?" ló bi Kúlísúmù.

"Wọlé, ọkùnrin, wá wò."

Cecilia fẹ́ dìde lọ fa oògùn Ambrose sínú abẹ́rẹ́, orúnkún ké.

"Ẹ jókòó, mà," Dùnsìn wí. "Mo wà níbí."

Cecilia jókòó. Ambrose sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì apá ẹ̀wù rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.