Òbúkọ Tó Jókòó Ṣe Adájọ́ Lórí Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí òbúkọ kan ṣe fẹ́ẹ̀ gba ìyàwó tí mo fẹ́ fẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́! Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó dáa, ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Akọ̀wé kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Adó, mo sì gba yàrá kan sílé Bàbá Fọlá ní àdúgbò Adébáyọ̀. Yàrá wọ́n bí ojú nígbà yẹn, torí gbogbo òṣìṣẹ́ tó kó dé láti Àkúrẹ́ ló ń wá ibi tó máa sùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù láyé, yàtọ̀ sí Bọ́ládé tí mo fẹ́ fẹ́, ni ilé-ẹjọ́ àkànṣe tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá hùwà jẹgúdújẹrá. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Ẹ má bi mí! Àwọn kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kóòtù ni tèmi. Mi ò lọ sílé ìwé òfin rárá. Ọ̀dọ̀ oníwèé ìròyìn tó wà ní oríta Adébáyọ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Mo máa ń dúró kàwé síbẹ̀ títí á fi lé mi. Èyí tó bá ti gbó, mo máa rà á, mo máa kó o sínú páálí.

Nọ́ọ̀sì ni Bọ́ládé. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjan, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, ẹ̀rù bà mí, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ kóòtù ṣe wọlé báyìí, a gbàgbé ọmọ wọn sí ilé ìdáná! Mo ṣàlàyé pé èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó ní kóòtù àkànṣe yìí, alága kan àti ọmọ ìgbìmọ̀ méjì. Mo ní òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tó ní. Bí wọ́n bá wá rí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sọ, tí owó oṣù rẹ̀ kò sì lè rà á, wọ́n á kà á sí olè, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fi hàn pé òun kì í ṣe olè!

Bàbá ní òfin yẹn dáa gan-an. Wọ́n wá bi mí pé kí lèmi ní. Mo fi ìgbéraga dáhùn pé bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù kan, rédíò kan, àti páálí ìwé ìròyìn. Kò sí nǹkan mìíràn! Wọ́n ní kò burú, àwọn máa wá fojú ara àwọn rí ibẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ sí i pé kí n fẹ́ ọmọ àwọn.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n máa wá, kò síná nílé wa. Gbogbo wa jókòó síta. Àlàájà Ràbí, tó ń ta abọ́, ní kí n sọ ìtàn kan kí ara lè tu àwọn. Ìtàn kẹ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Mo sọ bí àwọn sójà ṣe gba ìjọba, tí wọ́n fi ọ̀gágun ṣe alága ilé-ẹjọ́ àkànṣe, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n ń ju àwọn olóṣèlú sẹ́wọ̀n ọdún tó ju ọjọ́ orí wọn lọ. Mo sọ bí wọ́n ṣe wá tún òfin mìíràn tò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kúnjú ìwọ̀n adájọ́ ló gbọ́dọ̀ ṣe alága. Mo dé ibi tí kóòtù ti ń gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù.

Tọ́pẹ́ onígbàjámọ̀ béèrè bóyá wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀.

"Jẹnẹrétọ̀ kẹ̀?" mo dá a lóhùn. "Wọ́n lè gba odindi ilé!"

Bàbá Fọlá onílé nu òógùn ojú.

Ó wá ku kí n sọ àwọn tí òfin náà kàn. Mo fi ìyẹn sí ìparí, torí èmi kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi wọnú ara wọn. Àfi lójijì, iná dé! Ariwo ta! Gbogbo wọn sáré wọlé láti lọ aṣọ. Ó ku èmi àti àga.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́, àwọn tí ìjọba rán pé kí wọ́n máa fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára ilé dé àdúgbò wa. Wọ́n wo ilé sókè sódò, wọ́n béèrè iye yàrá, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n kọjá. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo tó gbọ́ èyí o. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, kí làwọn ará ilé wa máa rò?

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ pàdé Bọ́ládé àti bàbá rẹ̀ ní gáréèjì. Bàbá wọ súùtì dúdú tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́ láyé ijọ́un, wọ́n há fáìlì mọ́ abíyá. Ọ̀kadà gbé wa délé. Àwọn ará ilé wà níwájú ilé, bí wọ́n sì ṣe rí súùtì yẹn, gbogbo wọn fò dìde. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún àna mi ni!

Mo ṣílẹ̀kùn.

Òbúkọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi!

Kì í ṣe òbúkọ nìkan o. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Abọ́ tánganran tò dé àjà. Àga onítìmùtìmù tí mo mọ̀ sí pálọ̀ onílé fẹ̀ sí àárín yàrá. Páálí mi ti ya, òbúkọ ọ̀hún sì rọra ń jẹ ìwé ìròyìn.

Bàbá yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Tí inú bá ń bí wọn, ohùn Ìjan ló máa ń jáde.

"Ulé rẹ rèé?"

Mo ní ilé mi ni, àmọ́ ẹrù yẹn kì í ṣe tèmi.

"Ta ló wá ni ín?"

Ọ̀dọ̀ Àlàájà Ràbí ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, kí ẹni tó ń pọnmi fún mi lè rọ́nà wọlé. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ta ló ni abọ́?

Àlàájà wo bàbá, wọ́n wo fáìlì. "Abọ́ wo? Ọlọ́hun ló mọ ẹni tó ni abọ́ o, Bọ̀dá Akọ̀wé."

Tọ́pẹ́ ńkọ́? Ó ní àlùmọ́gàjí lòun fi ń gẹrun, òun ò rí jẹnẹrétọ̀ rí láyé òun. Jẹnẹrétọ̀ tó ń dí wa létí lójoojúmọ́! Bàbá Fọlá tiẹ̀ ní àwọn ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ẹranko bẹ́ẹ̀.

Bọ́ládé bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọmọ àwọn fún olè, bó ti wù kó mọ òfin tó.

"Ìwọ lo kọ́ mi," ni wọ́n wí. "O ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, rédíò àti páálí. Èwo nínú wọn ló ń hu irùngbọ̀n?"

Wọ́n jókòó sórí àga onílé, wọ́n ní ìgbẹ́jọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ni alága, Bọ́ládé jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, ó ku ẹnì kan.

Òbúkọ ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

"Bàbá, ó ti gbà," ni Bọ́ládé wí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti pè mí lólè, síbẹ̀ mo tún ń tọ́ wọn sọ́nà! Mo ní kí wọ́n má bínú, alága gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó kúnjú ìwọ̀n adájọ́, akọ̀wé kóòtù ò sì tíì tó bẹ́ẹ̀. Bọ́ládé tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ fi ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn wọ́n, àṣé ẹnu ọmọ ìgbìmọ̀ kẹta ni ojú ewé ọ̀hún wà.

Bàbá ní kí n mú ẹ̀rí mi wá. Ẹ̀rí wo? Mi ò ní nǹkan kan. Wọ́n wá gbóhùn sókè débi pé gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́.

"Nígbà tí ẹrù yìí ò ti lẹ́ni tó ni ín, kóòtù ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Abọ́, ó di ti ìyá Bọ́ládé. Jẹnẹrétọ̀, ó di Ìjan. Òbúkọ, ó di inú ìkòkò ọbẹ̀!"

"Yéè! Òbúkọ mi!"

Ta ló pariwo? Bàbá Fọlá ni! Wọ́n já wọlé, wọ́n dìrọ̀ mọ́ ẹranko náà lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Olúwa mi adájọ́, ẹ ju èmi sẹ́wọ̀n, ẹ má pa á! Ọmọ ọwọ́ mi ni!"

Àlàájà rọ́ wọlé, wọ́n gbá abọ́ mọ́yà. Tọ́pẹ́ jókòó sórí jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wọn ń jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé akọ̀wé ló ní kóòtù ń gba ẹrù, pé àwọn rò pé kóòtù ló rán àwọn tó wá kọ nọ́ńbà, pé àwọn sì rò pé kò sẹ́ni tó máa tú yàrá ẹni tó mọ òfin.

Bàbá bi wọ́n bóyá wọ́n jí àwọn nǹkan náà ni.

"Rárá o," ni Tọ́pẹ́ wí. "Ṣé sójà máa ń dúró béèrè ni?"

Ìgbà yẹn ni mo wá ráyè parí ọ̀rọ̀ mi ti àná. Mo ní òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni kóòtù yẹn ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀! Onígbàjámọ̀ kọ́, aláabọ́ kọ́, onílé kọ́!

Àlàájà rọra gbé abọ́ sílẹ̀.

"Ta wá ni òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ilé yìí?" ni Àlàájà béèrè.

Gbogbo wọn wò mí. Òbúkọ náà wò mí.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní mo jàre, mo lè fẹ́ ọmọ àwọn. Ṣùgbọ́n torí mo fi ìtàn sójà síwájú, mo fi ohun tó kan àwọn èèyàn sẹ́yìn, mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kóòtù nínú ilé yẹn mọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ọdún mẹ́wàá ni òfin ní kí ìjìyà irú èyí má kọjá, pé alága lè dín in kù. Bọ́ládé tún tẹ ẹsẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, Bàbá Fọlá fa òbúkọ kékeré kan wá, wọ́n ní ọmọ adájọ́ ni, kí n máa sìn ín. Àna mi tẹ̀ sí mi létí, wọ́n bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ kún àkọsílẹ̀ ohun tí mo ní.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Tí ẹ bá ń ṣàlàyé òfin fáwọn èèyàn, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó kàn. Ìtàn lè dúró, àmọ́ tíná bá dé, kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ ọ!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni aládùúgbò yín ti gbé pamọ́ sílé yín rí láìsọ fún yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Bó bá sì nírùngbọ̀n, ẹ má fi pamọ́ fún mi!