Oúnjẹ Tí N Kò Jẹ ní Bajulaiye

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fi ń sọ fún gbogbo àdúgbò Bajulaiye pé mo fura sí òun, pé mo rò pé òun fẹ́ fún mi ní májèlé jẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju pé n kì í jẹun nílé rẹ̀ lọ. Bí mo bá jẹun, kò ní pẹ́ tí inú mi á fi máa lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ta ló fẹ́ máa yí gbiri nílẹ̀ níwájú àna rẹ̀? Mo sọ fún un. Ó ní irọ́ ni.

"Ìyàwó tíṣà! Ẹja tí gbogbo Bajulaiye ń jẹ, ìwọ nìkan ló máa pa?"

Àwọn dókítà kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ mí lẹ́nu, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n gba ìdí wọlé, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìfun kékeré wà láàárín méjèèjì, ó ká jọ bí okùn apẹja, kámẹ́rà ò dé ibẹ̀. Dókítà obìnrin kan ló ní kí n lọ ya àwòrán MRI, èyí tí ẹ̀rọ fi ń wo inú ara.

Ẹ̀gbọ́n ní òun á sìn mí lọ. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ.

Wọ́n gbé omi aládùn kan fún mi, ó ju lítà kan lọ, kí ìfun lè là, kó hàn nínú àwòrán.

"Ìyàwó, o lè mu ti àlejò. Tèmi lo ò lè jẹ."

"Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ máa ka kọ́ọ̀bù."

Omi bọ́ lójú mi, inú mi ń lọ́, mo mu ún tán. Ẹ̀rọ náà ń ké bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó ń ya àwòrán ní, "Mámà, ẹ má mí." N ò mí. N ò gbọ́ràn sí ọkọ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí èsì dé, dókítà nàka sí àwòrán náà. "Ibí yìí ti wú, ó ti fún, oúnjẹ ò rọ́nà kọjá dáadáa. Ó ti pẹ́ gan-an."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ kọjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo na àwòrán náà sójú fèrèsé pálọ̀ rẹ̀, níwájú àwọn ayálégbé tó ti ń bá a bú mi. "Ẹnu tẹ́ ẹ fi sọ tàkọ́kọ́, òun náà ni kẹ́ ẹ fi sọ èyí."

Ó wo ilẹ̀. "Àìsàn ni. Kò purọ́."

Oògùn ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó gbé ọbẹ̀ ẹja tí kò lata síwájú mi. Mo ṣí i, ó ń ta sánsán. Mo dé e padà.

Lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe àìsàn ló kọ̀ ọ́. Èmi ni.