Gíláàsì Dúdú àti Fèrèsé Ìyá Mi

Lánàá, lọ́sàn-án gangan, jẹnẹrétọ̀ wa wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Gbọ̀ngàn ìránṣọ mi ní Uwani, ní Enugu, ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Oòrùn ń yan èèyàn bí àgbàdo níta, àwọn òṣìṣẹ́ mi ń fi iná fóònù wá ihò abẹ́rẹ́! Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, fèrèsé gíláàsì dúdú ò ṣeé ṣí, òógùn ń kán sórí yúnifọ́ọ̀mù tó gbọ́dọ̀ dé ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí a bá yẹ àdéhùn, ilé ìwé ní àwọn á gbé iṣẹ́ náà lọ fún àwọn aránṣọ ọjà New Market.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìyá mi, ọmọ Ọ̀fà, ránṣọ lórí ilẹ̀ yìí kan náà láìní jẹnẹrétọ̀. Fèrèsé onígi ńláńlá ló wà lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀, a ó jókòó sí ti ìwọ̀-oòrùn. Bí ọ̀sán bá yẹ̀, ìyá mi á pàtẹ́wọ́, gbogbo wa á wọ́ máṣíìnì lọ sí ti ìlà-oòrùn, ká lè ríran kí oòrùn má jó wa. Lásìkò ooru, a ó ta ọ̀kẹ́ tí a rẹ sómi sójú fèrèsé, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ wọlé ní tútù. Ìkòkò èédú áyọ́ọ̀nù kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ooru rẹ̀ má bàa wọlé, àfi bí ọyẹ́ Enugu bá ń gé wa lọ́wọ́ jẹ. Mama Ngozi, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ ìyá mi, tí ìdí rẹ̀ wúwo, kì í fẹ́ dìde bí àtẹ́wọ́ bá dún.

"Mama, tell sun make e come meet me!"

"Oòrùn kì í ṣe ọkọ rẹ. Dìde!" ìyá mi á dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ aṣọ rán jù mí lọ ní Enugu, kó jáde!

Nínú òkùnkùn àná yẹn, mo kọjú sí Bọ́lá, ọmọ mi tó ń bá mi bójú tó iṣẹ́. "Ta ló ń kọ́ ilé tí ọ̀sán ń di òru nínú rẹ̀?"

"Dádì, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi gíláàsì dúdú sí i, kó lè dà bíi báńkì."

"Mo ní kó dà bíi báńkì, mi ò ní kó dà bíi sàréè!"

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná sí i. Mo ní kí wọ́n gbé àwọn máṣíìnì ìyá mi tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ jáde, àwọn tí Bọ́lá ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n tà. A tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ ibẹ̀, kí n tó gbọ́wọ́ sókè, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi: pá, pá, pá! Bọ́lá ni. Ó ti ń wọ́ máṣíìnì ìyá mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

A kó yúnifọ́ọ̀mù lọ láàárọ̀ yìí. Ìyá mi ti lọ, Mama Ngozi ti lọ, èédú ti di áyọ́ọ̀nù oníná; oòrùn nìkan ni kò yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Káfíńtà ti ń yọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó lè fi fèrèsé onígi sí i. Èyí tó kọjú sí títì ni mo ní kó má fọwọ́ kàn, kó ṣì lè dà bíi báńkì.