Ìpáàrà Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Nítòsí ilé mi ní Àkúrẹ́ níbí ni àwọn pánẹ́bítà wà. Bí mo bá ti gbọ́ tí wọ́n ń fi sáńpépà ha irin mọ́tò láàárọ̀, ara mi a bù máṣọ. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Tíṣà ni bàbá mi ní Oǹdó. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ni wọ́n ti ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, onílẹ̀kùn méjì, onímú gígùn, tó ń bú ramúramù débi pé àwọn adìyẹ wa ti máa ń sá wọ ilé ìdáná kó tó yọ ní kọ́nà. Lọ́jọ́ Sunday, Bàbá á nù ún kí wọ́n tó nu bàtà ara wọn. Dúdú ni bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń dán.

Àbúrò mi, Fọlákẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà náà. Ohunkóhun tó bá dúdú tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, pátákó ìkọ̀wé ni lójú tirẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gun orí agolo, ó mú ìṣó, ó kọ A, ó kọ B, ó kọ D sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Bàbá, gàdàgbà gàdàgbà. Ó pè mí kí n wá wò ó. Èmi? Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Kò sẹ́ni tó rán mi. Bàbá nà án gan-an. "Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n kọ ni," ló ń wí nínú ẹkún.

Kò pé oṣù kan tí ibà fi gbé Fọlákẹ́ lọ.

Bàbá kò na ọmọ kankan mọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣe. Òjò wọ ojú ibi tí ìṣó ha, ìpáàrà bẹ̀rẹ̀, ó ń ràn lọ́dọọdún, títí tí ojú mi kò fi rí lẹ́tà kankan níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni wọ́n.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pé aádọ́rùn-ún ọdún, mo ní kí n fi mọ́tò náà dá wọn lọ́lá. Mo gbé e wá sí Àkúrẹ́ láìsọ fún wọn. Pánẹ́bítà fi òòlù gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, ó sì lu jáde.

"Mọ́mì, tí a bá kàn fi pọ́tì rẹ́ ojú ihò yìí, irọ́ la ń pa. Ẹ jẹ́ n gé e dànù, kí n jó tuntun mọ́ ọn."

Mo ní, "Gé e."

Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. A gbé mọ́tò padà sí Oǹdó. Bàbá jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n na ọwọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, lápá òsì, ìka wọn ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Wọ́n dá ọwọ́ padà sẹ́yìn. Wọ́n tún wá apá ọ̀tún.

"A, B, D," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ibí yìí ló wà."

Ìgbà náà ló tó yé mi. Mo wólẹ̀, mò ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣẹ àbúrò mi báyìí.

Bàbá fà mí dìde. "O ṣeun, ọmọ mi. O ṣe dáadáa."

Wọ́n ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn báyìí. Mọ́tò náà ń dán lágbàlá mi, àwọn ọ̀dọ́ sì ń yà á ní fọ́tò. Ká ní Bàbá bú mi lọ́jọ́ náà ni, bóyá ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.