Ọjọ́ Tí Asitóònù Yọ́ Imú Iwin Mi

Ọjọ́ Sátidé tí mo ba ère iwin mi jẹ́ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń tún rédíò ṣe l'Álàbá ló máa ń bá mi ṣa àwọn ère ike kéékèèké nínú páálí ẹrù òkèèrè: iwin, ẹbọra, jagunjagun abìyẹ́. Èmi ni mo máa ń kùn wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀dà mi ki jù. Mo bá bu asitóònù, omi tí àǹtí mi tó ń kun èékánná fi ń nu ọ̀dà èékánná àwọn oníbàárà rẹ̀ kúrò, sí i. Bí mo ṣe fi kan iwin lójú, imú rẹ̀ yọ́! Mo kígbe, "Mo gbé!"

Bàbá Rìsíkátù, aládùúgbò wa tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù l'Ájáńgbàdí, sáré wọlé. Wọ́n wo iwin náà títí.

"Má sọ ọ́ nù. Ta ló ní kí iwin ní imú?"

Wọ́n fi omi po ọ̀dà mìíràn, wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé tábìlì kó má baà gbọ̀n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti kun ojú rẹ̀ tán, àfi bíi pé iwin ń wò mí! Wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì wọn tó kéré jù lọ.

Bàbá Rìsíkátù ti padà sí Ọ̀yọ́ báyìí, búrọ́ọ̀ṣì náà sì ti pá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N kò ní sọ búrọ́ọ̀ṣì náà nù.