Kọ̀ǹpútà Tí Bàbá Mi Bèèrè Àmì Ohùn Rẹ̀

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin padà sí Èkìtì nígbà tí wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní, "Gbogbo nǹkan tí o yà yẹn, jẹ́ kí n rí i kí n tó lọ o. Tí mo bá ti dé ulé, ó parí nìyẹn."

Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ló gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Ìgàndò, torí ilé wa kò jìnnà sí ọsibítù, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹni tó lè jókòó lásán. Amọ̀kòkò ni wọ́n láti kékeré. Wọ́n ti di amọ̀ sínú àpò wá láti ilé, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n sì ti ń mọ ìkòkò. Èmi náà yá kámẹ́rà, mo ń ya wọ́n. Ìkòkò mẹ́ta ni mo yà, láti ìgbà tí wọ́n ti ń po amọ̀ títí dé ìgbà tí wọ́n ń fi èéfọ́ igbá dán ara rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ẹbí wa tó kọ́ iṣẹ́ náà. Fídíò yìí nìkan ni yóò máa fi bí ọwọ́ wọn ṣe ń rìn hàn. Tí wọ́n bá sì ti lọ, kò ní sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ibí yìí ni mo gé tí kò yẹ kí n gé.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro, àfi ti kọ̀ǹpútà mi. Ọgọ́ta àwòrán ni kámẹ́rà tí mo yá ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin èyí tí kọ̀ǹpútà mi lè gbé. Mo ṣí ibi tí Ìyá Àgbà ti ń fi òkúta pẹlẹbẹ lu amọ̀. A gbọ́ "pà, pà, pà", ọwọ́ wọn ṣì wà lókè. Lẹ́yìn náà àwòrán dúró, ó tún fò, ìkòkò tó jẹ́ ìdí lásán sì ti ní ọrùn.

"Ta ló bá mi mọ ọrùn ùkòkò yẹn?" ni Ìyá Àgbà bi mí. "Èmi kọ́ o. Òkúta ti dún, ọwọ́ mi ò tíì délẹ̀. Àbí iwin ló ń bá mi lù ú?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Àgbà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà, wọ́n sì yára gbé e kúrò.

"Èyí ti jinná. Ẹ yọ ọ́ nínú iná."

Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kíkà ni mo kà á, mo sì tú ọ̀pọ̀ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó padà. A gbà pé a máa ra òmíràn. Bàbá mi fẹ́ mọ irú èyí tí a máa wá lọ sí Ìkòtún, mo bá fi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ṣàlàyé. Mo ní dísíìkì ni yàrá tí a ń kó ìkòkò sí. RAM ni ilẹ̀ tí amọ̀kòkò tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Yàrá lè fẹ̀, kí ilẹ̀ iṣẹ́ má gba ju ìkòkò kan lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe méjèèjì ní "memory", ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ohun tí kò wúlò fún wọn. Mo wá dé orí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní i7. Mo ní i7 nìkan kò tó. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà sì wà ní ìparí nọ́ńbà náà. Tó bá jẹ́ U, wọ́n ṣe é kí bátìrì lè pẹ́ ni; tí iṣẹ́ bá wúwo, á fà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ H, ó lè ru ẹrù fún wákàtí gígùn.

Olùkọ́ Yorùbá ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n mi orí.

"Igba, igbá, ìgbà," ni wọ́n wí. "Àmì ohùn ni lẹ́tà yẹn. Ẹni tí kò bá wò ó, á ṣì í kà."

Ní ọjọ́ Ajé, àwa méjèèjì lọ sí Ìkòtún, sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ó gbé ọ̀kan jáde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fúyẹ́, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Mo tàn án. RAM rẹ̀ jẹ́ GB mẹ́rìndínlógún, dísíìkì rẹ̀ yára, pupa inú ojú rẹ̀ sì jẹ́ pupa gidi, kì í ṣe àwọ̀ ọsàn. Mo gbàgbé ara mi. Mo ti ń bèèrè báàgì tí màá gbé e sí.

"i7 lẹ ń wò yẹn o," ni ọlọ́jà wí. "Ẹni tó lò ó lókè òkun ò jẹun níwájú ẹ̀ rí."

Bàbá mi wò ó láti orí gíláàsì wọn. "Àmì ohùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ohùn kẹ̀, Daddy? Ẹ máa gbọ́ ọ!" Ó fi orin sí i, ó yí i sókè dé góńgó, àwọn tó ń kọjá lójú títì bẹ̀rẹ̀ sí wo ọ̀dọ̀ wa. "Ẹ gbọ́ báàsì yẹn?"

"Mo gbọ́. Ohùn kọ́ ni mo bèèrè, àmì ohùn ni."

Ọlọ́jà yíjú sí mi. "Brother, kí ni Daddy ń sọ, jàre?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo kọ́ wọn, n kò ṣí ojú ewé tí nọ́ńbà náà wà rárá. Mo ṣí i. U ló wà ní ìparí.

"Igbá lo fẹ́ tà fún wa," ni bàbá mi wí, "igba la wá rà."

Ọlọ́jà náà bú sẹ́rìn-ín. "Ha! Tíṣà ni yín. Mo mọ̀ ọ́n!" Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó sì fa òmíràn jáde. Ó nípọn, ó wúwo bí ọlọ, lẹ́tà A ti parẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá gbé èyí ló ń gbé e padà sílẹ̀. Bátìrì ẹ̀ ò sì tó wákàtí kan, mi ò ní parọ́ fún yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ wò. H ni. RAM rẹ̀ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo fi fláàṣì mi sí i, mo ṣí ibi tí Ìyá Àgbà ti ń lu amọ̀. Òkúta balẹ̀, "pà", ohùn àti ọwọ́ pàdé. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹta náà ni wọ́n pàdé.

"Kò síwin mọ́," ni bàbá mi wí.

A rà á, orí rẹ̀ ni mo sì ti parí fídíò náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mọ́tò Ìyá Àgbà sì máa gbéra lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń wò ó. Ní àárín rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ kan ara kọ̀ǹpútà.

"Ó gbóná, ṣùgbọ́n kò sán," ni wọ́n wí. N kò mọ ìyìn tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu amọ̀kòkò.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ìka sókè. "Dá a dúró. Ẹnu ùkòkò kejì yẹn wọ́."

Mo wò ó títí, n kò rí i. Wọ́n dìde, wọ́n di apá mi mú, a lọ sẹ́yìnkùlé. Ìkòkò náà ti gbẹ, kò tíì rí iná. Wọ́n fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lóòótọ́, apá òsì rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, bóyá ìwọ̀n èékánná kan.

"Ọwọ́ mi ò sọ fún mi," ni wọ́n wí, bí ẹni tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ parọ́ fún. Wọ́n gbé ìkòkò náà, wọ́n fọ́ ọ sínú bàsíà omi, amọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ́.

"Ìyá Àgbà, mọ́tò yín ńkọ́?"

"Kó máa lọ. Èyí tó wọ́ kọ́ ni ẹ máa fi kọ́ ọmọ yín." Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè. "Sáré lọ tún kámẹ́rà yẹn yá."